Ìbò Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Kò Dì

Òórùn kàńfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àpótí aṣọ bọ̀ọ̀dá mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú àpátímẹ́ǹtì tí a ń gbé nígbà náà, ní apá ìwọ̀ oòrùn Houston, kò jìnnà sí Mission Bend. Owó epo ti já wálẹ̀ láwọn ọdún yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa. Wọ́n á kó ẹrù sínú mọ́tò, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó di gbére. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn tó ń ṣí ládùúgbò ò tó èyí tó wà ní títì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi fa àpótí náà jáde, ó ṣí i, kàńfọ̀ sì gba gbogbo yàrá. Agbádá ló ń wá. Kì í ṣe pé a ń lọ sóde o. Ìbò ni bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ lọ dì.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìbò jẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó kọ́kọ́ tó ìbò dì nílé, ní Nàìjíríà. Ó jí lọ tò sínú oòrùn. Nígbà tó kàn án, akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì wò ó, ó ní, "Wọ́n ti bá ẹ dì í." Ó ní ta ló bá òun dì í? Wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà kejì, àwọn jàǹdùkú ti dáná sun àpótí ìbò kó tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sí Amẹ́ríkà, ó kàwé, ó ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, ó sì ń fi ojoojúmọ́ wakọ̀ la ìlú Houston já láti lọ síbẹ̀. Nígbà tó di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan nínú ẹbí ní ó ti ta orírun rẹ̀. Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn sọ fún mi pé òun fẹ́ dìbò lẹ́ẹ̀kan péré kóun tó kú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bá òun dì í, tí wọn ò sì ní sun ún. Mo fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, torí ara rẹ̀ le koko, ikú ò sì sí nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ọdún yẹn náà ni àìsàn dé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni. Mo ń sọ ọ́ gbangba báyìí nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú ilé wa nígbà náà. Dókítà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní òyìnbó, a sì fi í sílẹ̀ sínú ọ́fíìsì rẹ̀ níbẹ̀. Nílé, a ní ó kàn rẹ bọ̀ọ̀dá mi ni. A sọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí wọ́n máa ń ṣèpàdé ní Missouri City, pé ó ti lọ sí Nàìjíríà lọ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í jẹ́ kí ayé mọ̀, kí ọ̀tá má bàa yọ̀, kí ọ̀rẹ́ má bàa máa fi ojú òkú woni. Pásítọ̀ wa náà sì ti kọ́ wa pé ohun tí èèyàn bá pe ara rẹ̀ ni yóò dà. Mo rántí ọmọbìnrin bọ̀ọ̀dá mi tó ń dáhùn fóònù lọ́jọ́ kan, tó ń sọ pé, "Daddy is in Nigeria, ma," bàbá rẹ̀ sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí sí i pé ó ṣeun.

Ìbò ìlú àti ti ìpínlẹ̀ ló ń bọ̀: wọ́n fẹ́ yan méyọ̀, olórí ìlú, àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n sì fẹ́ kí aráàlú fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi. Òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nígbà náà ni, pé ẹni tó bá wù ú lè lọ dìbò kí ọjọ́ ìbò gan-an tó pé, láìsọ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó dé: bóyá ó rìnrìn àjò ni, bóyá ó ti darúgbó, bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ìyàwó rẹ̀ lọ gba fọ́ọ̀mù náà wá, ó tẹ́ ẹ sí i lórí itan.

"Dádì, àmì kékeré lásán ni. Ẹ ṣáà fi bíró kàn án."

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ," ni bọ̀ọ̀dá mi sọ. "Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé aláìsàn ni mí, kí n tún wá buwọ́ lù ú."

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ nígbà náà pé ẹ rìnrìn àjò. Ṣebí Nàìjíríà lẹ wà."

Ẹ̀rín pa á títí ó fi di ikùn mú. Ó ní irọ́ tí a pa fún ará ilé, a ò gbọdọ̀ pa á fún ìjọba. Ó ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́yìn, ó ní òun yóò fi ẹsẹ̀ òun rìn lọ síbẹ̀ bí ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Nínú ilé wa, tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, o lè bínú o, ṣùgbọ́n o ò ní wí nǹkan kan.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra nìyẹn. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn dìde láì dùn ún. Tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, èmi àti òun á rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, á wá fara ti kántà, á sì dúró síbẹ̀ nígbà tí mo bá ń dáná. Ó ní ìlà ìbò lè gùn, òun gbọ́dọ̀ kọ́ ìdúró. Ó gé àpẹẹrẹ ìwé ìbò náà jáde látinú ìwé ìròyìn, ó ń kà á sókè, látorí orúkọ àwọn tó ń du ipò dé orí àtúnṣe òfin tí mo gbà pé àwọn tó kọ ọ́ pàápàá ò kà tán. Nígbà yẹn, káàdì ni wọ́n ń fi irin ṣóńṣó kékeré kan lu ihò sí lára. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí náà ó mú igi tí a fi ń ta eyín, ó ń fi lu ihò sára páálí kọnfúléèkì àwọn ọmọ. Páálí náà di ajẹ́rẹ́.

"Kí lo rò sí ti omi yìí?" ló bi mí lọ́jọ́ kan, nípa owó tí ìpínlẹ̀ fẹ́ yá fún iṣẹ́ omi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ní ìbò. Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ lásán tó gba físà."

"Èrò ni mo bi ọ́. Mi ò bi ọ́ ní físà."

Mo sọ èrò mi. Ó rò ó, ó ní òun ò gbà, ó sì ṣàlàyé ìdí fún mi títí ọbẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ jóná. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sunkún. Gbogbo wa mọ ohun tó ń bọ̀. Kò kàn sí nínú wa ẹni tó lè gbé e sẹ́nu, ìbò yìí la wá gbé síbi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí kàńfọ̀ gba ilé yẹn, ìyàwó rẹ̀ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì fún un, ó wọ súẹ́tà lé e, kí èjìká rẹ̀ lè ní nǹkan tó gbé aṣọ ró. Bùbá wá lórí ìyẹn, kí agbádá tó wá bo ikùn rẹ̀ tó ti wú. Fìlà rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Ìyàwó rẹ̀ ká ẹ̀yìn fìlà náà mọ́ra, ó fi abẹ́rẹ́ rán an, ó sì gbé e lé e lórí, ó gẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí apá ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà kankan ò wọ̀ ọ́ mọ́, ló bá wọ sílípáàsì. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí pẹ́. Ó ní, "Ó ṣeé wò." Àwa méjèèjì ní ó ṣeé wò. Oòrùn Houston ò mọ̀ pé oṣù ti ń lọ sópin ọdún, a ò sì tíì dé ìdí mọ́tò tí òógùn fi ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ọ́fíìsì ìjọba kan tó súnmọ́ wa jù ni wọ́n ti ń dìbò. Ìyàwó rẹ̀ wakọ̀, èmi jókòó tì í lẹ́yìn, mo fi èjìká gbé e ró. A páàkì sí iwájú ẹnu ọ̀nà gan-an. Ìlà ò tiẹ̀ gùn. Mo ti sọ̀kalẹ̀, mo ti ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kó tó gbójú sókè. Lẹ́yìn gíláàsì ẹnu ọ̀nà, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Bọ̀ọ̀dá mi gbé ẹsẹ̀ náà padà sínú mọ́tò.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí lo fẹ́ sọ? Pé mo ti Nàìjíríà dé, mo wá rí báyìí?"

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan jáde wá láti inú ọ́fíìsì, ọmọ Amẹ́ríkà, ó ti dàgbà, ó so káàdì iṣẹ́ mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní tí ara bàbá yìí ò bá le, kò pọn dandan kó wọlé, òfin gbà kí àwọn gbé ìwé ìbò wá bá a nínú mọ́tò, òun á lọ gbé e wá báyìí. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ni ni. Mo wo ẹnu bọ̀ọ̀dá mi. Mo bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó sọ ọ́.

"I am not sick, madam," ni bọ̀ọ̀dá mi sọ. "We are only waiting for somebody."

Obìnrin náà wò mí. Mo wolẹ̀. Ó ní kò burú, ó padà wọlé. Bọ̀ọ̀dá mi fi ẹ̀yìn ti àga, ó dijú. Ó ní, "Yí mọ́tò padà. Ọjọ́ ṣì pọ̀. A ó wá lọ́la."

Òótọ́ ni, ọjọ́ ṣì pọ̀. Oore tí òfin tuntun yẹn ṣe fún wa nìyẹn. Ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà, bóyá ì bá ti gbà. Lọ́jọ́ kejì, kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tó já gaara gbẹ̀yìn, ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń dìbò. Mo ní wọ́n ṣì ń dì í. Ó ní, "Ó dáa." Ó kú kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ní alẹ́ tí wọ́n ń ka èsì lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó fẹ́ dìbò fún wọlé pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ rẹpẹtẹ, wọn ò tilẹ̀ nílò tirẹ̀. Mo bínú sí ẹni náà. Títí dòní, mi ò lè ṣàlàyé ìbínú yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wá kí wa. Èmi ń ti ojú wọn sá, nítorí irọ́ Nàìjíríà tí a pa. Nígbà tí àwọn yòókù lọ, alága jókòó, ó ní kí èmi àti opó jókòó.

"Mo mọ̀ pé kò lọ sílé," ló sọ. "Gbogbo wa la mọ̀. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó ti ń gbàtọ́jú. A fi ọ̀rọ̀ náà síkùn fún un, bó ṣe fẹ́."

Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ní gbogbo ìpàdé tó wá lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ìbò yìí ló ń sọ. Mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kó kọjá òun. Mo ti dìbò tèmi tipẹ́. Mo kàn máa ń lọ jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ ni, pé tí ẹ bá gbé e dé, ẹ̀yin obìnrin méjì, ẹ ó nílò ẹni tó máa bá yín gbé e wọlé. Mo rí mọ́tò yín. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá dìde, ojú á tì í. Mo bá kọjú sí ògiri, kó lè ráyè kọjá. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ẹ ti lọ."

Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n ṣe nìyẹn.

Mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí láti ìgbà pípẹ́, mo sì máa ń tètè lọ dìbò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ìbò dídì á wo ọgbẹ́ náà sàn. Irọ́ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé a fẹ́ràn ara wa, a sì mọ ìwà hù. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ṣìwà hù lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀nà là gbangba, ilẹ̀kùn mọ́tò wà ní ṣíṣí, ìbò rẹ̀ ń dúró dè é nínú ọ́fíìsì, kò sì sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀, ọ̀kan wolẹ̀, ọ̀kan yí mọ́tò padà, ọ̀kan kọjú sí ògiri.