Sóyà Tí N Kò Yan

Inú páálí kan náà la ti pín wọn, èmi àti ìyá ìbejì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Jakande, Ìsọlọ̀. Ọmọ tòlótòló ogún ni wọ́n, mẹ́wàá tèmi, mẹ́wàá tiẹ̀. Mo fẹ́ fi tèmi gbé ọdún Kérésì fún àwọn àna mi, torí ẹnu wọn kò tíì kúrò lára mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àyà tiẹ̀ ti kún, wọ́n ti ń hu ìyẹ́. Tèmi rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ojú mi kò gbà á. Tó bá bi mí pé, "Àwọn ọmọ wa ńkọ́?" màá ní, "Wọ́n wà dáadáa, àǹtí mi." Kí ló fi jù mí lọ? Mo kàwé jù ú. Balùwẹ̀ mi gan-an mọ́ ju tiẹ̀ lọ.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ owú kò jẹ́ kí n béèrè. Láràárọ̀ ni mo ń yọjú lójú fèrèsé, tí mo ń wo ìyẹ̀fun kan tó ń bù sínú oúnjẹ ẹyẹ tí àwa méjèèjì jọ ń rà. Mo dọ́gbọ́n bi ẹni tó ń ta oúnjẹ náà fún wa ní ohun tí ìyẹ̀fun náà lè jẹ́. Ó ní á jẹ́ ẹ̀wà sóyà tí wọ́n lọ̀, pé ọmọ tòlótòló ń fẹ́ oúnjẹ amáradàgbà ju ọmọ adìẹ lọ.

Mo ra sóyà, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Ó funfun ju tiẹ̀ lọ, mo ní tèmi ló mọ́. Ìlọ́po méjì ohun tí mo rí tó ń bù ni mo bù, kí tèmi lè lé tiẹ̀ bá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣu omi. Mẹ́rin kú. Mo ní obìnrin yìí ti fi nǹkan kan pamọ́.

Lẹ́yìn ilé ló ti pàdé mi níbi tí mo ti fẹ́ sin ìkarùn-ún. Ó bi mí ní ohun tí mo fún wọn jẹ, mo sọ fún un.

"Ṣé o yan sóyà náà kó o tó lọ̀ ọ́?"

Mo ní bí mo ṣe rà á ni mo lọ̀ ọ́.

"Tí wọn ò bá yan án, kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣiṣẹ́ lára ẹyẹ. Èmi máa ń yan tèmi dáadáa." Ó gbójú sókè wo fèrèsé mi. "Mo máa ń rí ẹ níbẹ̀ láràárọ̀. Mo ṣáà ń rò pé wàá sọ̀kalẹ̀ wá."