Kòkòrò Ara Òdán àti Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Nọ́ọ̀sì

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba gbé ọkọ mi láti Ọ̀mù-Àrán wá sí Ìlọrin. A gba yàrá méjì ní Fátẹ̀, nínú ilé kan tí ìdílé márùn-ún ń gbé. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi, èmi jẹ́ tíṣà. Ní yàrá tó kọjú sí tiwa ni nọ́ọ̀sì kan wà, obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Àǹtí ni mo ń pè é, òun a máa pè mí ní Tíṣà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá arúgbó tó gbà á sílé níbẹ̀ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́ igi ńlá kó lè wà ní kékeré nínú àwo, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní bọ́nsáì. Òdán ni Àǹtí fi ṣe tirẹ̀. Mẹ́ta ló ní, nínú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ, lórí tábìlì ní fàráńdà rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn bí ọrùn ọwọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì nà síta bíi ti òdán tí àwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó rí i pé ojoojúmọ́ ni mo ń dúró wò wọ́n, ó mú mi lọ sí ìdí ògiri àtijọ́ kan nítòsí Pósọ́físì, níbi tí òdán kékeré kan ti hù láàárín bíríkì. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́, ó fi àpò tútù wé gbòǹgbò rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ló ni ín." Mo tọ́jú igi yẹn fún ọdún mẹ́rin. Mo tún yọ méjì sí i lára ògiri yẹn. Àwọn àlejò wa a máa dúró wò wọ́n, inú mi a sì máa dùn ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ mọ́ mi létí jù ni ti kòkòrò. Ó ní ilẹ̀ tí igi inú àwo ní kò ju ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin lọ, kòkòrò tí igi oko kò ní kà sí lè pa á láàárín oṣù kan. Ó ní kí n máa yí ewé wò lábẹ́ ní gbogbo Sátidé. Bí mo bá rí ohun funfun bí òwú níbi tí ẹ̀ka ti yà, kí n rẹ òwú sínú sípíríìtì, kí n fi nù ún.

"Ṣùgbọ́n bí o bá rí èèrà," ó ní, "má tíì bá a jà. Èèrà kì í jẹ igi yìí. Nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀ tó wá jẹ. Wá nǹkan yẹn."

Ó tún ní igi tuntun kankan, ìbáà jẹ́ òdòdó lásán, kò gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn tó wà nílé títí oṣù kan yóò fi pé. Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ọdún karùn-ún, wọ́n ní kí Àǹtí lọ ṣe kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta ní Kàdúná. Ó gbé àwọn igi kéékèèké méjì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́sibítù, ó gbé àgbà wọn fún mi. Kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó jókòó tì í fún nǹkan bí wákàtí kan, ó ń yẹ ewé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi àti ọkọ mi lọ ra iṣu ní Òkè-Ọ̀yì. Obìnrin kan ń ta igi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú agolo lẹ́bàá ọ̀nà, mo ra ọ̀kan. Fàráńdà wa kò fẹ̀, ni mo bá gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn òdán. Mo sọ fún ara mi pé bó bá di Sátidé, màá wá ibòmíràn fún un. N kò wá ibì kankan.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ewé òdán bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ta oyin sí i. Nǹkan dúdú bí èédú bo ojú ewé. Èèrà tò láti ilẹ̀, wọ́n ń gba ẹsẹ̀ tábìlì gòkè. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi, èèrà ni mo dojú kọ. Mo da eérú gbígbóná sí ihò wọn. Mo ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo mílíìkì tí mo bu omi sí, bí a ti ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Nígbà tí mo tún rí wọn lórí iyẹ̀pẹ̀ inú àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bu kẹrosíìnì sí gbogbo wọn.

Àwọn kókó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lára igi, wọn kò ju hóró tòmátì lọ. Wọn kò rìn, wọn kò fò. Mo rò pé èèpo igi ni. Àwọn gan-an ni kòkòrò tó ń fa omi igi mu, ohun dídùn tó ń jáde lára wọn sì ni èèrà ń wá. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le: kí n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ dúdú họ wọ́n kúrò, kí n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nítorí àwọn ọmọ wọn tí ojú kì í tètè rí. Kẹrosíìnì kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Gbòǹgbò ló pa. Kí Àǹtí tó dé, igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbẹ, tèmi mẹ́ta àti tirẹ̀.

Ọjọ́ tó dé, àwọn obìnrin ilé wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wá sí fàráńdà wa, ó dúró. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ bà mí, ni mo bá kọ́kọ́ sọ tèmi.

"Àǹtí, igi yín ló kó kòkòrò wá bá mi."

Ó fi èékánná họ ẹ̀ka kan, kókó kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó. "Tíṣà, eléyìí kò sí lára igi mi nígbà tí mo gbé e fún ọ. Ìṣojú rẹ ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àwọn méjì tó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Àwọn ìyẹn ò kú. Tọ̀dọ̀ mi nìkan ló kú."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Mo gbóhùn sókè, kí àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ lè gbọ́. "Gbogbo ilé ló ń sọ pé tèmi ti ń rẹwà ju tiyín lọ. Kò dùn mọ́ yín. Ẹ mọ ohun tí ẹ gbé fún mi."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó fi etí ìró nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó wọlé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kòkòrò ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nọ́ọ̀sì gbé nǹkan kan fún Tíṣà, ohun tó wà nílé Tíṣà sì kú. Ìyàwó kan wà nínú ilé tó lóyún, Àǹtí ló ti ń bá a yẹ ara rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó náà kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òun mọ́. Àwọn ọmọ tó máa ń sáré lọ pàdé rẹ̀, ìyá wọn ń fà wọ́n padà. Alhájì onílé, èèyàn pẹ̀lẹ́, pè mí. Ó ní, "Tíṣà, torí Ọlọ́run, ṣé o rí ohun tí obìnrin yìí ṣe?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀." N kò sọ pé rárá.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, òtútù mú ọkọ mi, mo sì fẹ́ já ewé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná fún un. Mo yí ewé náà. Abẹ́ rẹ̀ kún fún kókó pẹlẹbẹ yẹn, wọ́n tò gba àárín ewé lọ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n wà lára igi láti òkè délẹ̀, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ tóbi ju gbogbo èyí tó wà lára òdán lọ. Mo fi han ọkọ mi.

Ó ní, "Lọ sọ fún un."

Mo ní màá lọ.

"Lónìí," ó ní.

Mo ní ó ti rẹ̀ mí lónìí. Mo gbé igi ọsàn náà lọ sẹ́yìn ilé, mo sun ún.

Oṣù méjì ni mo fi ń sọ pé ó di ọ̀la. À ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń kí mi pé, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi." Ọ̀rọ̀ "ẹ" ló wá ń fi bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, èmi tó ń pè ní ìwọ fún ọdún márùn-ún. Ó dùn mí ju èébú lọ, síbẹ̀ n kò la ẹnu mi. Nígbà tí oṣù kejì ń parí, mọ́tò wá kó ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́sibítù pé kí wọ́n gbé òun kúrò ní Ìlọrin, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀ffà. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé títí mọ́tò náà fi lọ.

Ọdún méjì kọjá kí n tó lọ bá a ní Ọ̀ffà. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Mo sọ ọ̀rọ̀ igi ọsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbọ́ ọ tán.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí i lórí tábìlì yín lọ́jọ́ tí mo dé. Kí n tó wo òdán ni mo ti wò ó."

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni ǹ bá sọ fún? Ẹ ti sọ tiyín tán, gbogbo wọn sì ti gbọ́ ọ."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun ti dárí jì mí tipẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń sọ fún aláìsàn pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún ló ṣe sọ ọ́. Mo béèrè àwọn òdán rẹ̀ méjì. Ó ní òun ti fi wọ́n ta ọ̀rẹ́ òun lọ́rẹ, pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí igi tí kì í dàgbà ní fàráńdà òun. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ mọ́tò. Kò béèrè ìgbà tí màá tún wá, èmi náà kò sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá àwọn obìnrin ilé lẹ́nu ẹ̀rọ, mo sọ òtítọ́ fún wọn. Ìyàwó tó lóyún nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Ó gbé garawa rẹ̀ karí, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun kò tiẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn mọ́.