Ọjọ́ Tí Mo Gbà Pé Mo Jalè Lábẹ́ Àràbà

Ní ìhà Arimogija, níbi tí oko kòkó ìyá ìyàwó mi wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àrá kì í pa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Olè ni àrá ń wá, àti ẹni tí ó búra èké. Nítorí náà, bí òjò bá ṣú tí àrá sì ń sán, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sá ni gbogbo ojú yóò máa wò. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dúró gbọnin nínú ìjì kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí wọn.

Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ fọ́ kòkó ní ìgbà ìkórè. Ìyá náà kò ní ọmọkùnrin. Èmi náà kò fẹ́ kí ilé máa dákẹ́ jù.

Abẹ́ igi àràbà kan ni a ti máa ń fọ́ kòkó náà. Igi náà ga ju gbogbo igi oko lọ, ibòòji rẹ̀ sì tutù. Baba ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, baba tirẹ̀ náà sì jókòó síbẹ̀. A ó kó kòkó jọ, a ó jókòó yí i ká, a ó máa fọ́ ọ, a ó máa da ọmọ inú rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwa márùn-ún ni a wà níbẹ̀: ìyá ìyàwó mi, àbúrò ìyàwó mi obìnrin, ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ìyàwó rẹ̀, àti èmi. Ọ̀sán ni. Òjò ṣú. Àrá sán lẹ́ẹ̀kan lọ́nà jíjìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí àgbá òfìfo lórí òkúta.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á lọ sínú ọkọ̀."

Àbúrò ìyàwó mi kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Bọ̀dá, òjò tó ṣì wà ní Uso! Ẹ jókòó."

"Bí etí wa bá ti gbọ́ ọ, ó ti sún mọ́ wa jù."

Ọkùnrin alábàápààlà wa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jí?"

"Ẹ bi wọ́n dáadáa!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ewúrẹ́ mi kan ò wálé láti ọjọ́ mélòó kan."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyàwó mi ní bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ahéré wà níbẹ̀ yẹn. Òpó mẹ́rin àti páànù ni ahéré náà, kò ní ògiri. Ó lè gba òjò dúró. Kò lè gba àrá dúró.

Àrá tún sán. Èyí gùn, ilẹ̀ sì gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. N kì í bá àwọn àna mi jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ó dáa. Mo jalè. Èmi ni mo jí ewúrẹ́ náà. Ẹ bá olè lọ sínú ọkọ̀."

Wọ́n wò mí. N kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ń yára. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e. Àbúrò ìyàwó mi ju àdá sílẹ̀, ó pòṣé, ó tẹ̀lé wọn.

Ìyá nìkan ni kò kúrò.

"Ẹ máa lọ," ni ó wí. "Èmi ò mú nǹkan oní-nǹkan rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó ni mo ti ń jókòó síbí. Tí mo bá wá sá lónìí, kí ni wọ́n máa sọ?"

Lójú rẹ̀, orúkọ rere rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀mí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà là. Mo ti sin ọmọ rẹ̀. N kò ní fi òun sílẹ̀ lábẹ́ igi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn nà sílẹ̀ nígbà tí àrá ń sán. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lórí èèpo kòkó.

"Àna mi, ẹ dìde! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Tí ẹ bá dìde, màá dìde, ma."

"Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa sá fún àrá báyìí?"

"Ọmọ yín ni."

Ó gbé kòkó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Òtítọ́ ni. Mo ti gbé ọmọ náà níyàwó kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Olùkọ́ ni, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ní kí n ka ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sókè sí òun létí, èmi onírùngbọ̀n. Ẹ̀kọ́ kan wà lórí àrá. Ó mú mi tún un kà títí ó fi wọ̀ mí lórí. Iná ni mànàmáná. Kò mọ olè, kò mọ olóòótọ́. Ohun tí ó bá ga jù ní àyíká ló sábà máa ń bà. Bí o bá gbọ́ àrá, wọ ilé tí ó ní ògiri, tàbí ọkọ̀ onírin tí ó ní òrùlé, kí o sì tì í. Má jáde títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Ohun tí mo sọ fún Ìyá láti ilẹ̀ nìyẹn.

Ìyá ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni, ma. Ó ní igi gíga ni kí á kọ́kọ́ sá fún."

Ó wo òkìtì kòkó tí ó wà níwájú rẹ̀. "Kòkó abẹ́ igi yìí ni mo fi rán an lọ síbi tó ti kọ́ ọ," ni ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ fà mí dìde."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí á tó dé ọkọ̀. A fún ara wa mọ́ inú rẹ̀. Ooru mú, omi kòkó ń rùn lára wa. Mo ti fèrèsé, mo pa rédíò, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fara ti ilẹ̀kùn. Ìyá tú gèlè rẹ̀, ó fi bo jígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, nítorí pé nílé tirẹ̀, a kì í ṣí jígí sílẹ̀ bí àrá bá ń sán. Ìyẹn kò sí nínú ìwé. N kò ṣí i.

Àrá dé orí wa. Mànàmáná mú kí gbogbo oko funfun. Kò sí ẹni tí ó bi mí ní ohun tí mo jí mọ́.

Nígbà tí òjò dá, ọkùnrin náà fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kí ó lọ wo kòkó. Àrá ṣì ń kùn lókèèrè. Ìyá ló dá a dúró.

"Jókòó síbẹ̀! Ọmọ mi ní kò tíì tó àkókò."

Ó jókòó.

Nígbà tí a jáde, àràbà dúró bí ó ṣe wà. Àbúrò ìyàwó mi na ìka sí i. "Bọ̀dá, igi wa rèé o. Ẹ jalè lásán."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni mo wí. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ olè kì í bínú pé olè kò wá.

Ewúrẹ́ náà padà wálé fúnra rẹ̀. Orúkọ náà kò lọ. Etí ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ ń dúró sí, ni a ti ń fọ́ kòkó báyìí. Àbúrò ìyàwó mi ń ráhùn pé oòrùn ń pa òun. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú díẹ̀, Ìyá ni yóò kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀, tí yóò sì pè mí lójú gbogbo ènìyàn:

"Olè, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín dà?"

Màá sì lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un.