Òtútù Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń hun súwẹ́tà tà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ibi tí mo ti ń gẹ irun, débi pé mo máa ń gbọ́ ọ bó bá ń bá òwú tó lọ́ mọ́ra jà. Ìyá Olówùú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ sókè òkun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá ọmọ náà máa ń kọ́kọ́ yà, ẹ̀gbọ́n mi á sì béèrè pé, "Oṣù wo ló ń lọ?" Bó bá jẹ́ Oṣù Kejìlá, òwú tó ki ló máa fà yọ. Bó bá jẹ́ Oṣù Kẹfà, á ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé ooru ń bẹ níbẹ̀. Kì í béèrè pé òkè òkun wo. Lójú tirẹ̀, òkè òkun kò ju ọ̀kan lọ.

Ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ló ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Oṣù Kejìlá ló lọ kí i ní apá àríwá ayé, òtútù ibẹ̀ sì fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ó ní imú òun kú tipiri, ó ní òun ń fọwọ́ wá etí òun bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ òtútù mọ́ láyé, ìbáà jẹ́ ọba ló ránṣẹ́ pe òun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń ta súwẹ́tà ló ń sá fún òtútù!

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lóyún àkọ́kọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ìlú kan ní ìsàlẹ̀ gúúsù ayé ni, wọn kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, iṣẹ́ ọkọ sì máa ń gbé e kúrò nílé. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá dúró ti òun. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé oṣù wo ló máa bí. Ọmọ ní Oṣù Kẹfà. Ló bá jó wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àbúrò, Ọlọ́run gbọ́ tèmi! Inú ooru ni n ó ti gbé ọmọ-ọmọ mi!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú tín-ín-rín hun ẹ̀wù ọmọ nìyẹn, ẹ̀wù tí ìka ń gba inú rẹ̀ yọ. Ní ti ara rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sálúbàtà ló kó sínú báàgì.

Nígbà tí ìrìn àjò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì wà lórí àga mi. Mo ti fá apá kan irùngbọ̀n rẹ̀, mo fẹ́ bọ́ sí ìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ẹ̀wù náà wọlé wá fi yangàn. Tísà yìn ín, ó sì béèrè ibi tí wọ́n máa bí ọmọ náà sí. Bó ṣe gbọ́ orúkọ ìlú náà, ó gbé orí sókè lójijì, díẹ̀ ló kù kí n gé e létí.

"Ẹ̀yin ìyá, àárín gbùngbùn òtútù ni Oṣù Kẹfà níbẹ̀ o!"

"Tísà, má fi mí ṣeré. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń hun súwẹ́tà."

Tísà dìde tòun ti aṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn, ó lọ bá gílóòbù iná tí mo so rọ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù.

"Gílóòbù yìí ni oòrùn. Orí mi ni ayé. Àtàrí mi ni òkè, ibi tí àkọ́bí yín wà. Àgbọ̀n mi ni ìsàlẹ̀, ibi tí àbígbẹ̀yìn yín wà. Àwa tiwa nìyí, orí imú mi la jókòó lé, ìyẹn ni ooru wa kì í fi í yàtọ̀ púpọ̀."

"Imú náà sì gbà wá dáadáa," ni mo wí.

Tísà ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ayé kì í nàró, ó máa ń fì ni, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló sì ń fì sí bó ti ń yí oòrùn ká. Ó ní ká gbà pé ọ̀nà ilẹ̀kùn ló fì sí. Ó wá dúró lódìkejì gílóòbù, ó kọjú sí i, ó tẹ orí síwájú sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Iná tàn sórí àtàrí rẹ̀, ó ń dán.

"Oṣù Kẹfà nìyí. Ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún ló wà lókè. Àgbọ̀n mi ńkọ́?"

"Ó ṣókùnkùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Tísà rìn yí gílóòbù dé ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ ṣì fì sí ilẹ̀kùn bíi ti ẹni tí ọrùn wọ́. Iná kan àtàrí àti àgbọ̀n bákan náà. Ó ní Oṣù Kẹsàn-án nìyẹn, ọ̀sán àti òru dọ́gba káàkiri ayé, òkè ń lọ sínú òtútù, ìsàlẹ̀ ń bọ̀ sínú ooru. Tó bá di Oṣù Kẹta, wọn á tún dọ́gba, wọn á sì pààrọ̀ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí iná, ó da orí sẹ́yìn, ó na àgbọ̀n jáde.

"Oṣù Kejìlá! Àbígbẹ̀yìn yín ń làágùn, àkọ́bí yín ń gbọ̀n!"

Ẹnì kan tó ń kọjá lọ yọjú, ó wo ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n lápá kan, tó ń na àgbọ̀n sí gílóòbù. Ó bi mí pé ṣé a ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èmi àti Tísà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù níṣojú wa.

"Ọmọ mi, ṣé òtútù ni lọ́dọ̀ yín?"

Ẹkún la gbọ́ láti inú fóònù.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, ẹ ò ní wá. Ẹ̀rù ń bà mí ni, mà."

Inú bí mi. Ẹ̀tàn ni, kí ló tún kù! Mo ti la ẹnu láti bá ọmọ náà wí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ bò mí lẹ́nu.

"Nu ojú ẹ," ló wí fún ọmọ. "Mò ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sinmi. Òwú tó ki jù ló ń hun báyìí, fún ọmọ, fún ìyá ọmọ, fún ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀wù tín-ín-rín náà kò ṣòfò, ó kó wọn sísàlẹ̀ báàgì, ó ní ọmọ á ti máa rá kòrò tó bá fi di Oṣù Kejìlá. Mo bi í pé ìbúra tó bú ńkọ́.

"Ọba ni mo ní tó bá pè mí. Ọmọ mi ló pè mí yìí."

Ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ́dún níbẹ̀ ni ọmọ náà dé, obìnrin ni. Tísà ní láti ọjọ́ kejì ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa gùn sí i fún un. Ara mi kò lè gbà á mọ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Súwẹ́tà mẹ́ta ló wọ̀ léra wọn. Mo pariwo pé òtútù ńkọ́, ṣé imú ṣì wà?

Ó yí fóònù wálẹ̀ kí n lè rí i. Ìkókó wà láyà rẹ̀, ìyá ìkókó sì gbé orí lé e nítan.

"Rọra sọ̀rọ̀," ló wí. "Àwọn ọmọ mi ń sùn."