Àwọn Ìbejì Orí Fàdákà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bá àwọn ará ìjọ wọn lọ sí Róòmù. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo wọkọ̀ láti Kábà lọ kí wọn ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.

"Okun o, Màmá! Ẹ kú àbọ̀!"

Bí wọ́n ṣe gbá mi mọ́ra ni mo rí fàdákà roboto kan tó ń dán lọ́rùn wọn.

"Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ ni mo ti rà á," Màmá wí. "Wo àwọn áńgẹ́lì méjì lórí ẹṣin."

Mo gbé e sójú. Kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Mo yí i padà: orí obìnrin tó dé akoto ogun. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Inú ìwé nìkan ni mo ti ń rí irú èyí.

"Màmá, kì í ṣe áńgẹ́lì o! Owó àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Òrìṣà wọn ló wà lára rẹ̀. Ìbejì ni àwọn méjèèjì yìí."

"Òrìṣà kẹ̀? Mo wọ̀ ọ́ lọ gba Ara Kristi lọ́jọ́ Ìsinmi!"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi àtijọ́ ní yunifásítì, ẹni tó mọ̀ nípa irú owó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kíá ni wọ́n pè mí.

"Kí ló wà lábẹ́ àwọn ẹṣin?"

"R, O, M, A, sà."

"Ẹ má fi nǹkan kan fọ̀ ọ́ o! Mò ń bọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ mi gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi àti òṣùwọ̀n kékeré wá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò títí. Èmi kò lè jókòó.

"Ojúlówó ni," ni wọ́n sọ. "Wọn ò tíì bí Jésù nígbà tí wọ́n rọ eléyìí."

Mo pariwo, mo fò sókè. Màmá ní, "Ó yá, jẹ́ ká mú un lọ fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ kí wọ́n rí i."

Orí áńkáṣífù funfun la gbé e lé ní kíláàsì. Àwọn ọmọ ń ti ara wọn. Ọmọbìnrin kan, tí òun náà jẹ́ ìbejì, béèrè èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn. Màmá nawọ́ sí èyí tó wà níwájú.

"Rárá o, Màmá! Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n máa ń wà!" ni ọmọbìnrin náà wí.

Ni kíláàsì bá pín sí méjì, iyàn bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́.