Oore Àná

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹnì kan bá ṣe ọ́ lóore lónìí, wàá dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, wàá sì tún yà sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti dúpẹ́ oore àná. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aláìmoore ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ará ìta là ń ṣe é fún. Mi ò rí i rí kí bàbá mi jí láàárọ̀, kó máa dúpẹ́ ọbẹ̀ àná lọ́wọ́ ìyá mi. Ọbẹ̀ ilé ẹni, à á jẹ ẹ́, à á nu ẹnu nù, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ara fi fu mí láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Sókótó la wà nígbà náà, Nàìjíríà ò tíì gbòmìnira. Tíṣà ni ọkọ mi, iṣẹ́ ló gbé wa débẹ̀, a ò sì tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó, a ò tíì bímọ. Yàrá kan la ní nínú ọgbà kan ní Sábọ́n Gàrí. Yàrá tó kọjú sí tiwa, aránṣọ kan ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Arẹwà obìnrin ni, ohùn rẹ̀ dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Gusau, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wá wò ó. Mi ò kórìíra rẹ̀. Búláòsì mi méjèèjì, òun ló rán wọn.

Bí ooru Sókótó bá dé, kò sẹ́ni tó lè sùn nínú yàrá. Kálukú á tẹ́ ẹní síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ọgbà á sì jí lójú ara wọn. Orí ẹní yẹn ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mò ń wá gèlè mi, tí ọkọ mi sọ pé, "Ìyàwó mi, o ṣeun lánàá."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe lánàá?"

"Omi tó o gbé sínú ìkòkò dè mí. Nígbà tí mo fi máa ti ilé ìwé dé, ó ti tutù nini."

Ẹni tó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni, à á ní kò tọ́pẹ́. Mi ò sọ ọ́. Mo dìde, mo ká ẹní mi. Yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíràn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Kí wá ni òmíràn tí ọkùnrin yìí ń wá lọ́wọ́ mi?

Nígbà tílẹ̀ tún mọ́, ó dúpẹ́ pé mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì òun dáadáa. Nígbà tó tún ṣe, ó dúpẹ́ pé òun sọ kọ́kọ́rọ́ nù, mi ò sì pariwo lé òun lórí. Láràárọ̀ ni. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé kì í parọ́. Ohun tí mo ṣe lóòótọ́ ló máa ń mú jáde, òmíràn tí èmi fúnra mi ti gbàgbé. Mo bi ara mi pé kí ló dé tó ń ṣọ́ mi tó báyìí. Ọkùnrin tó bá ń jí dúpẹ́ lójoojúmọ́, ó ní ohun tó ń fi ọpẹ́ bò. Mi ò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kò tọ́pẹ́. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọkọ mi kì í gbàgbé ọpẹ́. Mai ruwa tó ń ta omi fún wa, owó là ń san fún un, síbẹ̀ ọkọ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Na gode, na gode," bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni ọkùnrin náà pọnmi. Aránṣọ yìí máa ń fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí wa tó bá sè é, ọkọ mi á sì lọ síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á tẹríba, á dúpẹ́ oore àná. Lójijì, kò lọ mọ́. Bí mọ́ínmọ́ín bá dé lónìí, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló máa gbà jáde lọ́la, láàárín òbúkọ àti igi ìdáná, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Á wá sọ fún mi pé, "Ìwọ bá wa dúpẹ́."

Ọkùnrin tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mai ruwa! Gbogbo ayé ló ń rí ọpẹ́ rẹ̀ gbà, àfi obìnrin kan ṣoṣo. Èyí tó ń já gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn ló ń kó fún mi. Ẹni tí ò lè kojú ènìyàn kó kí i, ohun kan wà láàárín wọn.

Aránṣọ náà fẹnu ara rẹ̀ bi mí. Ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó Tíṣà, àbí mọ́ínmọ́ín mi ò dùn mọ́ ni? Tíṣà ò yà kí mi mọ́."

Mo ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò. Ilẹ̀kùn wa ló ń wò.

Mo pinnu láti dán ọkọ mi wò. Mo ra ẹran gidi ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran, mo se ọbẹ̀ ilá, mi ò sì fi iyọ̀ kankan sí i. Mo ní tó bá lè dúpẹ́ ọbẹ̀ yìí, a jẹ́ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ṣan ọwọ́. Láàárọ̀, mo ti la ojú sílẹ̀ dè é kó tó jí.

Ó ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun lánàá. O lọ jìnnà nínú oòrùn nítorí ẹran." Ó dìde jókòó. "Iyọ̀ ló gbàgbé wa."

Mi ò lè fara dà á mọ́. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo fẹ̀yìn tì í. Mo ní, "Tíṣà, ẹ sọ ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti aránṣọ fún mi."

Ó jókòó sórí ibùsùn. Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu.

"Ọjọ́ tí mo lọ dá abọ́ rẹ̀ padà ni. Ó ní kí n jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò tètè gba ọwọ́ mi."

Ó ní láti ọjọ́ náà ni ọkàn òun kò ti sí nílé mọ́. Òun gbàdúrà, òun gbààwẹ̀, bí òun sì ṣe ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run mú obìnrin náà kúrò lọ́kàn òun, obìnrin náà lòun ń rò láti àárọ̀ dalẹ́. Ni òun bá lọ bá bàbá díákónì ìjọ wa, arúgbó oníṣòwò aṣọ tí ilé rẹ̀ wà lọ́nà Gawon Nama.

"Bàbá ní kí n yé bá èrò náà jà. Wọ́n ní ẹni tó ń bá a jà, òun náà ló ṣì ń wò. Wọ́n ní ojú tó ń ṣe ojúkòkòrò, ó ti gbàgbé ohun tí Ọlọ́run fún un ni. Kí n máa wá a rí lójoojúmọ́, kí n sì fi ẹnu mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi tó ṣe é." Ó gbójú sókè wò mí. "Tí mo bá mọ̀ pé mo máa dúpẹ́ lọ́la, mo gbọ́dọ̀ wò ọ́ lónìí. Bí mo ṣe ń wò ọ́ ni ọkàn mi ń padà sílé."

Ẹlòmíràn ì bá yọ̀. Èmi bínú ni. Gbogbo ọpẹ́ tí mo ti ń gbọ́ láràárọ̀, tó ti ń dùn mọ́ mi díẹ̀díẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tìtorí obìnrin mìíràn ni! Mo ní, "Ṣé àgúnmu ni mo wá dà? Ẹlòmíràn kó àìsàn ràn yín, èmi lẹ wá ń lò?" Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí, mi ò gbọ́. Nígbà tó lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé, mo kó ẹrù mi sínú àpótí, alábàárù gbé e, ó di gáréèjì. Mo fẹ́ wọ mọ́tò dé Gusau, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin, kí n wá ọ̀nà dé ilé bàbá mi.

Wọ́n ń di àlùbọ́sà sẹ́yìn mọ́tò lọ́wọ́, awakọ̀ ní kí n dúró díẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí mi. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ilé ìwé á tú lọ́sàn-án. Ọkọ mi á délé, kò ní bá omi tútù, kò ní bá oúnjẹ. Ta ló máa gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín sọdá ọgbà? Èmi tí mo gbọ́n yìí fẹ́ fi ewúrẹ́ ṣọ́ èlùbọ́, kí n sì máa bá tèmi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́!

Mo dìde. Mo sọ fún awakọ̀ pé, "Sai gobe," pé ó dọ̀la. Ó pòṣé. Alábàárù tún gbé àpótí mi padà, ó ń rẹ́rìn-ín mi lọ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó bá mi nídìí iná. Ó rí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tí mi ò tíì tú. Ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Tuwo tí mo rò lọ́jọ́ náà ní kókó, mi ò gbé omi kankan dè é, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ títí a fi sùn. Mo ní ká wo ohun tó máa rí dúpẹ́ rẹ̀ lọ́la.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ọgbà wà lórí ẹní. Aránṣọ náà ti jí ní tirẹ̀, ó jókòó, ó ń di irun rẹ̀, ó kọjú sí wa.

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun lánàá."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe lánàá?"

Ó ní, "O ò lọ."

Ojú tì mí, inú sì tún ń bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe oore, pé owú ló dá mi padà, pé ẹ̀ṣọ́ ni mo wá ṣe. Mo gbójú sókè kí n lè sọ ọ́. Mo ti fi ọjọ́ púpọ̀ ṣọ́ ojú ọkùnrin yẹn, mo sì mọ ibi tí mò ń bẹ̀rù pé ó máa lọ. Kò lọ síbẹ̀. Èmi ló ń wò, pẹ̀lú orí mi tí mi ò tíì dì àti ojú mi tí mi ò tíì bọ́.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."