Ẹ̀dọ̀ Àgbò Tí N Kò Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, láàárọ̀ Ọjọ́rú kan tó jẹ́ ọjọ́ Iléyá, lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Erúnmu. Òórùn irun àgbò tó ń jóná ti gba gbogbo àdúgbò, ó sì dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi rẹ sínú dúrọ́ọ̀mù fún láfún títà. Títí di òní, níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn irun tó ń jó, àyà mi á já, ojú á sì tì mí bíi pé ẹnìkan ń wò mí.

Nínú ilé wa, bàbá mi kì í fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ Iléyá títí wọ́n á fi ti yídì dé, tí wọ́n á dúńbú àgbò. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á fi iyọ̀ pa á, wọ́n á sun ún lórí ẹyin iná, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ ara wọn ya á sẹ́nu àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdúrà. Ìgbà tí gbogbo wa bá jẹ tán ni àwọn náà á tó jẹ. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà náà, mo háyà yàrá kan ní Ajíbọ́dé. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí mo ṣe ìrìbọmi, bàbá mi sì ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé wọ́n lé mi nílé. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ọlọ́run kan náà ni. Ṣáà máa kírun tìẹ dáadáa." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ olórí ìdàpọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ti sọ fún mi kí n tó kúrò ní Ajíbọ́dé pé, "Sístà, ẹran ìrúbọ ni o. Tó o bá jẹ ẹ́, kí lo wá tìtorí Jésù fi sílẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìgbàgbọ́ mi kò tó, pé ẹsẹ̀ mi kan wà nínú, ìkan wà níta.

Láàárọ̀ Iléyá yẹn, bàbá mi na ẹ̀dọ̀ náà sí mi. "Ọlọ́run á jẹ́ kó o ka ìwé yìí yọrí."

Mo yí ẹnu mi kúrò. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. N kì í jẹ ẹ́ mọ́."

Àbúrò bàbá mi obìnrin pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Kàí! Jésù ti Ajíbọ́dé dé! Láfún tí wọ́n tà rán ẹ níwèé ńkọ́, ìyẹn ò ní ẹ̀ṣẹ̀ lára?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tó ń dán fún ọ̀rá. "Ọwọ́ tí mo fi tọ́ ẹ náà nìyí." Wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ náà padà sórí àwo, wọ́n wọlé, wọn kò sì jẹun títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí nínú ìdàpọ̀ wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi sì dùn.

Láti ìgbà náà ni bàbá mi kò ti jẹ ohun tí mo bá sè mọ́. Wọn kò bá mi jà, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lórí fóònù. Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀, mo se ìrẹsì, mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Gbé e fún ìyá rẹ. Àwa náà ń ṣọ́ra." Àìmọye ìgbà ni mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́.

N kò ní purọ́ fún yín, Jésù ṣe mí lóore. Kí n tó mọ̀ Ọ́n, ìbẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Òun ló fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo fi kàwé jáde. N kò lè fi Í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti bí olórí ìdàpọ̀ wa, kò sí ọwọ́ bàbá kankan tó ní láti kọ̀. Mo rò pé mo gbé àgbélébùú mi lọ́jọ́ náà ni, n kò mọ̀ pé èjìká bàbá mi ni mo gbé e lé. Títí di òní, n kò sì mọ̀ bóyá torí Jésù ni mo ṣe yí ẹnu mi kúrò, tàbí torí àtẹ́wọ́.

Iléyá tún ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi pè mí lánàá. "Bàbá rẹ ní kí n bi ẹ́ bóyá wàá wá. Wọ́n ti ra adìẹ kan sọ́tọ̀ fún ẹ. Wọ́n ní àwọn á gbé e fún ìyá onítẹ̀bọmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kó bá wa pa á, kó má baà ni ẹ́ lára."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ adìẹ náà kí n sì dúpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi rà á? Àbí kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, kí n la ẹnu mi fún ẹ̀dọ̀ àgbò lọ́wọ́ bàbá mi? Tí mo bá sì là á, tí wọn kò na ọwọ́ ńkọ́?